Aràn Inú Ẹja: Ẹ Jẹ́ Kó Jinná Dé Egungun!

Ìjà ńlá ni aràn máa ń dá sílẹ̀ láàárín ẹlẹ́ja àti oníbàárà. Bí oníbàárà bá la inú panla nílé, tó rí ohun funfun tó ká jọ bí òwú, kíá ló ti máa padà wá sọ́jà, táá ní ẹja jíjẹrà ni wọ́n tà fún òun.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ẹja tí kò bàjẹ́ rárá náà máa ń ní aràn. Inú òkun ló ti kó o. Anisakis ni wọ́n ń pè é. Inú àbùùbùtán ló ti ń yé ẹyin, ẹyin á bá ìgbẹ́ jáde sómi. Àwọn bí edé kéékèèké á jẹ ọmọ aràn, ẹja á jẹ edé, ó parí!

Ẹ gbọ́ ohun tójú àwọn ará ilẹ̀ Holland rí. Wọ́n máa ń jẹ ẹja herring, ìbátan ṣawa, láìsè é. Iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Ni inú bá ń run àwọn kan burúkú-burúkú. Lọ́dún 1960, àwọn onímọ̀ wọn kéde pé aràn yìí ló ń wọ ara ìfun. Lọ́dún 1968, ìjọba ṣòfin pé ẹja náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì gbagidi nínú yìnyín. Àìsàn ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ tètè máa yọ ìfun ẹja tútù, torí aràn lè tibẹ̀ wọ ẹran ara ẹja. Ẹ sè é dáadáa, torí iyọ̀ díẹ̀ tàbí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kò pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ bá wú tàbí tó ń yún un lẹ́yìn tó jẹ ẹja, ọsibítù ni kó lọ, kó má lọ bá ẹlẹ́ja jà.