Àríwá Òòfà Kì í Dúró Sójú Kan

Kò sí ọjà tí a kò ti mọ òòfà. Télọ̀ a máa fi ṣa abẹ́rẹ́ tí ó bọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń ra ògbólógbòó bàbà a máa fi yẹ ọjà wò, nítorí òòfà kì í fa bàbà. Bí irin bá wà lábẹ́ rẹ̀, àṣírí tú nìyẹn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé òòfà ńlá ni ayé tí a dúró lé yìí, àti pé orí òòfà náà ń rìn kiri?

Gbogbo òòfà ni ó ní orí méjì, orí àríwá àti orí gúúsù. Bí orí àríwá ti ọ̀kan bá kan orí gúúsù ti èkejì, wọn a lẹ̀ mọ́ra. Bí irú kan náà bá pàdé, wọn a ti ara wọn sẹ́yìn. Bí ẹ bá gé òòfà sí méjì pé kí orí kan ṣoṣo lè ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́, asán ni. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan yóò tún ní orí méjì tirẹ̀.

Ní ti ayé, irin ni ó fà á. Ní nǹkan bí kìlómítà 2,900 nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, irin tí ooru ti yọ́ ń ṣàn káàkiri. Ìṣàn yìí ni ó ń bí agbára iná mànàmáná tí ó sọ ayé di òòfà, tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì fi ń kọjú sí àríwá. Nítorí pé irin náà kì í ṣàn bákan náà lójoojúmọ́, orí òòfà ayé kì í dúró.

IBI TÍ Ó TI RÌN DÉ

Ẹ má ṣe rò pé ibi tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí ni ṣóńṣó ayé gan-an, èyí tí ayé fi ń yí bí òkòtó. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà 1831, James Clark Ross, ará Gẹ̀ẹ́sì, dé àríwá òòfà ní ilẹ̀ Boothia, lókè lọ́hùn-ún ní Kánádà. Nígbà tí Roald Amundsen ará Norway tún wá a lọ ní 1904, ó ti kúrò níbi tí Ross ti bá a. Láti ìgbà náà, ó ti gba orí òkun dídì kọjá, ó kọjú sí Siberia ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn ọdún 2000, ó sáré débi pé ó ń rin kìlómítà 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Láìpẹ́ yìí ni ó dẹwọ́ sí nǹkan bí 35.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Bí ọkọ̀ òkun bá fi ìwọ̀n digírì 1 péré ṣìnà, nígbà tí ó bá fi máa rin máìlì 60, ó ti fi máìlì 1 yà. Bí ó bá rin 600, ó di máìlì 10. Èyí tó láti gbé ọkọ̀, ẹrù àti èrò lu àpáta. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń tún ìṣirò àríwá òòfà ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ní 2019, wọ́n ní láti tún un ṣe kí àkókò tó pé, nítorí eré àsápajúdé tí ó ń sá. Ní 2011, pápákọ̀ òfurufú Tampa ní Amẹ́ríkà tún nọ́ńbà ojú ọ̀nà bàálù kùn, nítorí kọ́ńpáàsì ni a fi ń fún ojú ọ̀nà ní nọ́ńbà. Àwọn àgbà ní ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Awakọ̀ tí kò bá tọ̀ ọ́, ègbé ni yóò bá pàdé.

Oòrùn pàápàá ní òòfà. Ní nǹkan bí ọdún 11 sí 11 ni àríwá rẹ̀ ń di gúúsù. Ti ayé ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ní nǹkan bí 780,000 ọdún sẹ́yìn. Ìràwọ̀ Mars kò ní òòfà ńlá mọ́, ẹ̀fúùfù láti inú oòrùn sì ti gbá púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ. Òòfà ayé wa jẹ́ asà fún wa.

Ẹ DÁN AN WÒ

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ẹ fi orí òòfà kan rà á nígbà 30, síhà kan ṣoṣo, ẹ má ṣe fà á padà. Ẹ gbé e lé ewé gbígbẹ kékeré lórí omi inú igbá. Kí irin má ṣe sí nítòsí. Abẹ́rẹ́ náà yóò yí, yóò sì nà láti àríwá sí gúúsù. Bí ẹ bá yí igbá náà, yóò tún padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i, wọn kò ní gbàgbé.