Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ Tí Ń Tan Ni Jẹ

Àwọn baba wa a máa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti dàgbà, ó sì ní àkísà púpọ̀. Àwọn àkísà náà ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a ń bá pàdé nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611, nínú ìwé àdúrà ọdún 1662, àti nínú eré Shakespeare.

Ọ̀rọ̀ tí a kò mọ̀ rí kò léwu, nítorí pé a ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wò ó. Èyí tí a rò pé a mọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo kọ ìwé sí ọ̀gá kan pé kí ó jọ̀wọ́ gbé mi lọ sí ìtòsí ilé, nítorí pé ara ìyá mi kò yá. Mo fẹ́ kí ìwé náà kún fún ọ̀wọ̀. Mo rántí pé “thou” àti “thee” ni a fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, mo sì rò pé ohun tí ó tọ́ sí Ọlọ́run yóò tọ́ sí ọ̀gá. Mo kọ “thee” sí ibi mẹ́ta. Nígbà tí ìwé náà padà dé, wọ́n ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sí abẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé kí n lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Odidi ọdún kan ni mo tún lò níbẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo pe àgbà ní “ìwọ”. Ní àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì ní “ìwọ” àti “ẹ̀yin” bí èdè tiwa. “Thou” ni ìwọ tí ń ṣe nǹkan. “Thee” ni ìwọ tí a ń ṣe nǹkan sí. “Ye” àti “you” ni ẹ̀yin. Ọmọdé, ìránṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n ń pè ní “thou”. Bí ẹni ọ̀wọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, “you” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pe Ọlọ́run ní “thou”, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé “Ìwọ Ọlọ́run” láìsí àfojúdi.

Nígbà tí wọ́n gbé Sir Walter Raleigh wá sí ìdájọ́ ọ̀tẹ̀ ní Winchester ní ọdún 1603, Edward Coke, agbẹjọ́rò àgbà fún ọba, mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní “thou” láti fi tẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ọdún 1650, àwọn ìjọ Quaker ń pe gbogbo ènìyàn ní “thou”, títí kan adájọ́, nítorí pé wọ́n ní ẹnì kan kì í ṣe ẹni méjì. Ẹni tí ó bá ti pe baba ìyàwó rẹ̀ ní “ìwọ” rí yóò mọ irú ìbínú tí wọ́n bá pàdé. Díẹ̀díẹ̀ ni “you” gba iṣẹ́ méjèèjì ṣe, tí “thou” sì kù sínú àdúrà, ewì, àti ẹnu àwọn ará oko kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe lẹ “eth” mọ́ ìdí gbogbo ọ̀rọ̀. “Thou hast” ni “ìwọ ní”. “He hath” ni “òun ní”. Kò sí “I hath”.

Ẹ wá wo àwọn ẹlẹ́tàn yòókù. Lónìí, “prevent” ni kí a dènà nǹkan. Ní ọdún 1611, ó lè jẹ́ kí a ṣáájú ẹlòmíràn. “Suffer” tí Jésù sọ nípa àwọn ọmọdé kì í ṣe ìyà. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá” ni. “Meat” ni oúnjẹ gbogbo, ìdí nìyí tí Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní fi pe èso igi bẹ́ẹ̀. “Quick” ni alààyè. “Wherefore” tí Juliet fi béèrè ọ̀rọ̀ Romeo kì í ṣe “níbo”. “Nítorí kí ni” ni. Kò wá Romeo kiri; ó ń béèrè ìdí tí ó fi ń jẹ́ orúkọ ọ̀tá ilé wọn.

“Let” ló ṣòro jù. Ọ̀kan ni “jẹ́ kí”. Èkejì tí ó jọ ọ́ ni “ìdènà”. Èkejì yìí ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà àwọn ará Bìrìtéènì, àti nínú eré tẹ́nìsì nígbà tí àwọ̀n bá kan bọ́ọ̀lù.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n? Ẹ gbé Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, sí ẹ̀gbẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti wí pé “charity” nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 13, “ìfẹ́” ni ẹ óò rí, kì í ṣe ọrẹ àánú. Èdè ìyá yín ni yóò là yín lójú.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ láti fi kàwé. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ̀gá, ẹ kọ “you”. A kì í wọ àkísà lọ tọrọ iṣẹ́. Ó dìgbà o.