Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Èémí Mọ Ìpayà Ọkàn

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi mímí ẹ̀dá mọ ìgbà tí másùnmáwo àti ìpayà bá dé bá a.

Ẹni tí ó bá ti mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Ọmọ á ní ẹ̀rù kò ba òun, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rù bá dé, ara á múra bí ẹni tí ó fẹ́ jà tàbí tí ó fẹ́ sá: mímí á yá, kò ní jinlẹ̀ mọ́, òkè àyà ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ dípò ikùn. Bí ó bá pọ̀ jù, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ á dínkù ju bó ti yẹ lọ. Òòyì á máa kọ́ni, àyà á fún, ìka ọwọ́ á ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó fà á yóò rò pé ikú dé, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i, mímí á sì tún yá sí i.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wọn èémí. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, Étienne-Jules Marey, ará Faransé, ti so ẹ̀rọ mọ́ àyà ènìyàn tí ó ń ya bí mímí ṣe ń lọ sórí tákàdá. Ní 1921, John Larson, ọlọ́pàá ní ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà, pa mímí pọ̀ mọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mú òpùrọ́. Olóòótọ́ tí ẹ̀rù ń bà pẹ̀lú a máa mí kíákíá, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò fi gba ẹ̀rọ náà gbọ́.

Ti òde òní kéré. Ní ilé ìwòsàn, ìgbànú méjì ni, ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan ní ikùn, wáyà sì wà nínú wọn. Bí ara bá ti ń wú tí ó ń fọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n iná inú wáyà ń yí padà. Ní 2014 ni ilé iṣẹ́ Spire ní San Francisco gbé èyí tí ó dà bí òkúta wẹ́wẹ́ jáde. Etí ṣòkòtò ni wọ́n ń fi í há. Ó ń ránṣẹ́ sórí fóònù bí mímí bá ti le jù. Wọn kò tà á mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀rọ náà a máa wo iye ìgbà tí ènìyàn ń mí, bí ó ti jinlẹ̀ tó, àti bóyá ó ń lọ déédéé, á sì fi wé bí onítọ̀hún ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ ń mọ̀ bí ara bá ń rìn, kí ó má baà ka ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn sí oníjìnnìjìnnì. Síbẹ̀ ó lè ṣì í. Ẹ̀rín ń da mímí rú, ọ̀rọ̀ sísọ ń dà á rú. Ọmọ kéwú tí ó ń fa madd gígùn á já èémí gbà lẹ́ẹ̀kan, á sì tú u jáde fún ìgbà pípẹ́. Ta ni yóò pe ìyẹn ní ìpayà? Asímà pàápàá ń mú kí mímí yá, dókítà ló sì yẹ kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe fóònù.

Àwa kò fẹ́ kí òbí fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ọmọ. Ohun tí ó bá kà lè wà ní ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọmọ tí ó sì mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun, àyà rẹ̀ kò ní balẹ̀.

Ní 2023, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford tẹ ìwádìí kan jáde: ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́, fún nǹkan bí oṣù kan. Àwọn kan nínú wọn ń fa èémí sínú lẹ́ẹ̀mejì léra wọn nípasẹ̀ imú, wọ́n á wá tú u síta díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu. Ẹ̀rọ ọrùn ọwọ́ tí wọ́n wọ̀ fi hàn pé mímí àwọn yìí rọlẹ̀ ju ti àwọn ìyókù lọ, inú wọn sì dùn sí i lójoojúmọ́.