Tíréníìnì orí Zoom fún òṣìṣẹ́: ṣé ó lè rọ́pò kíláàsì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ oṣù fún ilé-iṣẹ́ tí ọ́fíìsì ńlá wọn wà ní Èkó. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ òṣìṣẹ́ ní nǹkan tuntun, wọ́n á ní kó wọkọ̀ wá, wọ́n á gba hòtẹ́ẹ̀lì fún un, á jókòó ní kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan. Ní báyìí, líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. "Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la, kí gbogbo yín wọlé." Ó parí.

Ohun tí àwọn òbí àti àwọn òṣìṣẹ́ ń bi wá ni pé, ṣé ohun téèyàn kọ́ lójú fóònù yẹn tó èyí tó jókòó kọ́? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Inú tíréníìnì yìí ni ìgbéga ti ń wá, ẹni tí kò bá sì yege ìdánwò tó máa ń tẹ̀lé e, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ jẹ́ kó yé ara wa. Kì í ṣe fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ là ń sọ, èyí téèyàn lè wò nígbà tó bá wù ú. Eléyìí, tíṣà wà níbì kan tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀ ń rí i, òun náà ń rí yín, ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀ kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Zoom, Google Meet àti Microsoft Teams ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọdún 2020 tí kòrónà dé, tí ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa láti ọjọ́ 30, oṣù kẹta, tí Kano náà sì tẹ̀lé e nínú oṣù kẹrin, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kó wọ inú ẹ̀. Kòrónà lọ, wọn ò padà. Owó hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò san mọ́ dùn mọ́ wọn.

A ò ní purọ́, ó rọ àwa náà lọ́rùn. Ta ló fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ máa gba ojú ọ̀nà yìí lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún? Ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna tá a sá wọ̀ nítorí ewu títì gan-an, ọjọ́ 28, oṣù kẹta, 2022, wọ́n kọlù ú, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn mìíràn wọgbó. Ìyá ọlọ́mọ kékeré tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, òun náà ti wá lè jàǹfààní. Kò yẹ ká fojú di ìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Richard Clark, kọ ọ́ lọ́dún 1983 pé ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ èèyàn dà bí ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ wá sọ́jà: ọkọ̀ kọ́ ló ń ṣe ara lóore, oúnjẹ inú ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ó jọ pé bàbá yẹn ò kó tòmátò láti Kano lọ sí Mile 12 rí. Ẹ̀wà, ọkọ̀ yòówù kẹ́ ẹ kó o sí, á dé. Kí ọkọ̀ bà jẹ́ lọ́nà fún ọjọ́ méjì, ẹ̀wà ṣì ni. Tòmátò ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe rí, bí títì ṣe rí, bí wọ́n ṣe to apẹ̀rẹ̀ léra, gbogbo ẹ̀ ló máa sọ bóyá owó lẹ máa bá nínú ẹrù yẹn tàbí omi.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ̀wà wà ńbẹ̀, tòmátò wà ńbẹ̀. Òfin tí báǹkì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ kó tó ṣí àkáǹtì fún èèyàn, iye owó ọjà tó yí padà, bí wọ́n ṣe ń kọ ọjà sínú kọ̀ǹpútà, òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, 2026, ẹ̀wà ni gbogbo ìyẹn. Kò sídìí téèyàn fi máa wọkọ̀ nítorí ẹ̀. Orí Zoom tiẹ̀ lè dáa jù, torí ojú kọ̀ǹpútà tíṣà lẹ máa rí gedegbe níwájú yín, ẹ ò ní máa na ọrùn láti ẹ̀yìn kíláàsì. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n gbé e jáde ní 2009, wọ́n tún un ṣe ní 2010. Ohun tí wọ́n rí ni pé lápapọ̀, àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi díẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ti kíláàsì lọ, àwọn tó sì pa méjèèjì pọ̀ ló fi jù. Wọ́n kìlọ̀ o, pé àwọn tó pa á pọ̀ yẹn sábà máa ń ní àkókò àti ohun èlò ju àwọn yòókù lọ.

Tòmátò ńkọ́? Ẹ wo kàṣíà tí wọ́n ń kọ́ bó ṣe máa mọ ayédèrú owó. Tíṣà lè gbé e sójú kámẹ́rà títí ilẹ̀ á fi ṣú, àtàńpàkò lèèyàn fi ń mọ owó gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni síso sólà àti inverter, títún fíríjì ńlá ṣe, títẹ àyà ẹni tó dákú, tàbí lílo agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná. Ẹni tó wo bí wọ́n ṣe ń pa iná lórí fóònù, ọjọ́ tí iná bá sọ, ibi tí wọ́n ti ń fa pín-ìnì agolo yẹn ló máa kọ́kọ́ máa wá. Àwa Yorùbá mọ èyí tipẹ́. Ta ló ti rí ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ tó ṣe fíríídọ̀ọ̀mù láìjókòó ti ọ̀gá? Ọ̀gá míì kì í tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń ṣe é, ò ń wò ó, o ṣe tìẹ, kò dáa, ó tú u, o tún un rán.

Ẹ̀wà pàápàá, títì ṣì lè dí mọ́ ọn. Zoom tí èèyàn pọ̀ nínú ẹ̀, tí kámẹ́rà wà ní títàn, máa ń jẹ nǹkan bíi gígábáìtì kan ní wákàtí kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Tíréníìnì wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n gígábáìtì nìyẹn. Láti oṣù kìíní 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fowó kún owó wọn dé ìdá 50 nínú 100, kálukú mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lára Zoom, ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń já. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún wọlé, àwọn kan ò ní padà wá mọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, àwọn báǹkì wa dákú. Àwọn ará wa ní Zamfara kò sì ní gbàgbé oṣù kẹsàn-án 2021 tí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ìpínlẹ̀ náà nítorí àwọn agbébọn.

Lójú tiwa ṣá, ọ̀tá tó burú jù kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀bù ni. Tí ọ̀gá ẹ̀ka bá ní kí òṣìṣẹ́ máa ṣe tíréníìnì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ wò ó bó ṣe máa ń rí níbí ní Sabon Gari. Wọ́n á fi fóònù ti agolo mílíìkì, oníbàárà á máa béèrè pé èló ni, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa pariwo, tíṣà á máa sọ̀rọ̀ lọ. Àwọn míì á pa kámẹ́rà, wọ́n á lọ wẹ̀. Tíṣà tó wà ní Èkó, àpótí dúdú ọgbọ̀n ló ń wò. Nínú kíláàsì, ó máa rí ẹni tó fa ojú ro, á mọ̀ pé kò yé e, á tún un sọ. Níbí, kò mọ nǹkan kan. Òyìnbó tó ń sọ sì yá ju ohun tí etí ẹlòmíì lè gbà.

Ohun kan wà tó ń bí wa nínú. A gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn tó wà ní Èkó máa ń wọ kíláàsì, wọ́n á fọwọ́ kan ẹ̀rọ, àwa tá a wà ní ẹ̀ka òde á máa wo wọ́n láti ojú fóònù, ìwé ẹ̀rí kan náà ni wọ́n sì ń fún gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá bà jẹ́ ní Kano, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ Kano ò mọṣẹ́.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé owó wà fún tíréníìnì. Industrial Training Fund, ITF, tí olú iléeṣẹ́ wọn wà ní Jos, ọdún 1971 ni ìjọba dá a sílẹ̀. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011 sọ pé agbanisíṣẹ́ tí iye òṣìṣẹ́ ẹ̀ tàbí ọjà tó ń tà lọ́dún bá ti dé iye tí òfin là kalẹ̀ ní láti máa san ìdá kan nínú 100 owó tó ń san fún òṣìṣẹ́ lọ́dún fún ITF. Tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè gbà tó ìdajì padà. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ pé kò sí owó dátà, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ti ITF lọ́wọ́ ọ̀gá yín.

Àbá tiwa rèé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ló ní gbọ̀ngàn tó jẹ́ pé ọjọ́ ìpàdé nìkan ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ní tíréníìnì máa lọ jókòó síbẹ̀ pọ̀. Tẹlifíṣàn ńlá kan, sólà, dátà ẹyọ kan fún èèyàn mẹ́wàá dípò kálukú máa ra tiẹ̀. Kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yẹn dúró tì wọ́n, kó fi Yorùbá tàbí Hausa ṣàlàyé ohun tí tíṣà sọ, kó sì gbé owó, wáyà tàbí agolo yẹn lé wọn lọ́wọ́ tó bá kan ti fífọwọ́ ṣe. Ọ̀gá ẹ̀ka ní láti yọ̀ǹda wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù o, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ asán ni. Àwọn alága lè kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ kí wọ́n san owó díẹ̀ fún gbọ̀ngàn, ó ṣì máa dín sí owó hòtẹ́ẹ̀lì Èkó dáadáa.

Ẹ̀ka tó bá ti ń ṣe irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wa, kẹ́ ẹ sọ iye tí dátà àti iná ń ná yín lóṣù, ká lè gbé e jáde fún àwọn tó kù.