Ta Ló Ń Ṣọ́ Èéfín Iléeṣẹ́ Sìmẹ́ńtì?

Iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960; ti Ṣàgámù tẹ̀lé e ní 1978. Àròyé eruku kò tíì tán lẹ́nu àwọn tó ń gbé nítòsí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí yunifásítì náà sì ti yẹ ilẹ̀, ewé àti afẹ́fẹ́ Ewékorò wò léraléra. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé asẹ́ tuntun ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Èrò tèmi yàtọ̀. Asẹ́ tó dáa ti wà tipẹ́. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀rọ tó ń ka eruku náà tọ̀sán-tòru, tí aráàlú sì lè rí ohun tó kà.

Òkúta ẹfun ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ amọ̀, tí wọ́n ń yan nínú ààrò gbọọrọ tó ń yí bírí, títí tí ooru rẹ̀ yóò fi tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ kún fún eruku, asẹ́ oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀ fún un. Àkọ́kọ́ ni àwọn pẹlẹbẹ irin tí iná mànàmáná alágbára ń mú kí wọ́n máa fa eruku mọ́ra. Èkejì ni àpò aṣọ gígùn, ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn, tí èéfín ń gbà kọjá tí eruku ń dúró sára wọn. Bí méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nínú ìwọ̀n 100 eruku, wọ́n ń mú ju 99 lọ.

“Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́” yẹn ni gbogbo ẹjọ́ wà. Bí epo tàbí èédú kò bá jóná tán nínú ààrò, carbon monoxide á pọ̀ nínú èéfín. Iná tó ń tàn pàrà láàárín pẹlẹbẹ irin lè mú kó bú gbàù, nítorí náà wọ́n ṣe asẹ́ oníná kó máa pa ara rẹ̀ bí ewu náà bá ti sún mọ́. Ní gbogbo ìṣẹ́jú tó fi kú, eruku ń jáde láìsí ohun tó dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí iná bá lọ, bẹ́ẹ̀ ló rí bí àpò kan bá ya. Ẹ wá wo òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé irinṣẹ́ wá wọn èéfín lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mélòó kan. Ilé tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ ti gbálẹ̀ sílẹ̀. Iye tó bá kọ sílẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ kì í ṣe idán. Ọ̀kan nínú wọn ń tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá èéfín sí ìkejì: bí eruku bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó dé òdìkejì ṣe ń dín kù, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 2014, ìjọba Íńdíà pàṣẹ fún ìsọ̀rí iléeṣẹ́ 17, sìmẹ́ńtì wà lára wọn, pé kí wọ́n ri irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì máa fi ohun tó bá kà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà náà kò ṣaláìní òfin. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú kí wọ́n pa òfin àyíká mọ́, ti wà láti 2007, ìlànà lórí afẹ́fẹ́ sì jáde ní 2014.

Àwọn kan á ní nílẹ̀ tí ọyẹ́ ti ń gbé eruku Sàhárà wá lọ́dọọdún, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tí í ṣe ti iléeṣẹ́? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Lọ́dọ̀ wa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà ọyẹ́ ló ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Ẹ gbé ẹ̀rọ kan sí àárín ìlú níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí òmíràn wà níbi tó ń fẹ́ lọ lẹ́yìn iléeṣẹ́: ìyàtọ̀ àárín wọn ni ẹ̀rí. Eruku fúnra rẹ̀ tún máa ń jẹ́wọ́, torí calcium ló kún inú ti sìmẹ́ńtì ju ti aṣálẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ àárín ìlú yìí náà ló máa rí ohun tí ti ọ̀pá èéfín kò lè rí: eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ti ibi tí wọ́n ti ń di àpò, àti èyí tí tírélà ń tú sókè lójú ọ̀nà. Kì í ṣe èyí tó bo páànù ló léwu jù. Èyí tójú ò rí, PM2.5, ló ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2021 sì sọ pé kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún ọdún kan.

Owó ńkọ́? Iṣẹ́ àwọn èèyàn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ti iléeṣẹ́ pa. Eruku tí asẹ́ bá mú, inú ààrò ni wọ́n sábà máa ń dá a padà sí, ọjà iléeṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ tó bá tètè ké pé àpò ti ya ń bá wọn ṣọ́ owó ni.

Kí NESREA àti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn fi í sínú ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan pé kí ohun tí ẹ̀rọ bá kà hàn ní gbangba lójoojúmọ́, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ìṣẹ́jú tí asẹ́ fi kú.