Chester Beatty, oníkùsà tó fi ìwé àtijọ́ ṣe ayé rẹ̀

Ọmọdé ni Alfred Chester Beatty nígbà tó dá sí gbàǹjo òkúta kan ní New York. Ó ní òun á san sẹ́ńtì 10 lórí òkúta aláwọ̀ pínńkì kan, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ sì fi sílẹ̀ fún un. Òkúta ló kọ́kọ́ ń kó jọ o, kì í ṣe ìwé. Ọdún 1875 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kùsà ní Yunifásítì Columbia, ó sì ti di olówó gidi kó tó pé ẹni ogójì ọdún. Àmọ́ eruku kùsà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì kú ní 1911. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó di London.

Nítorí àìlera yìí ló ṣe ń sá fún òtútù lọ sí Íjíbítì. Ní 1914, ó wọ ọjà Cairo, ó rí àwọn Al-Kùránì tí wọ́n fọwọ́ kọ, ó sì rà lára wọn. Láti ìgbà náà kò dáwọ́ dúró mọ́. Ṣùgbọ́n kì í rà á ní ìràkurà. Ó máa ń fi ìwé han àwọn onímọ̀ kó tó sanwó, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ jù, kò ní fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí Al-Kùránì tí Ibn al-Bawwab kọ ní Baghdad, ní nǹkan bí ọdún 1000, fi wà lára ohun tó fi sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ti pápírọ́ọ̀sì, ìyẹn ìwé tí àwọn ará Íjíbítì ń fi koríko etí odò ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1931, Frederic Kenyon kéde nínú ìwé ìròyìn The Times pé àwọn ìwé Bíbélì àtijọ́ kan ti dé ọwọ́ Beatty. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àkójọ lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti dà á kọ. Nínú rẹ̀, Hébérù ló tẹ̀ lé Róòmù. Ẹ wo Bíbélì tó wà nílé yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn oníṣòwò ti tú ìwé náà, wọ́n ń tà á léwé-léwé. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀pà tí wọ́n fi ìwé wé, tó ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ fi já sí i lọ́wọ́, á mọ ohun tí mò ń wí. Ewé 10 ni Beatty kọ́kọ́ rí gbà. Yunifásítì Michigan ra 30. Nígbà tó yá, 46 tún bọ́ sọ́wọ́ Beatty. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 86, ó sì hàn pé 104 ni nígbà tó pé. Bí àwọn méjèèjì bá fi ìlara ti tiwọn mọ́lé ńkọ́? Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí Kenyon to gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde bí ìwé kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní kíláàsì mọ̀ pé n kì í ṣàì béèrè pé níbo lowó ti wá. Selection Trust, ilé iṣẹ́ tí Beatty dá sílẹ̀, ló wà nídìí bàbà Zambia, ó sì wà nídìí dáyámọ́ńdì Ghánà àti Sàró nígbà ìjọba òyìnbó. Nítorí náà, apá kan owó ìwé yẹn, abẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà ló ti jáde, abẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà náà ni pápírọ́ọ̀sì ọ̀hún ti wá. Méjèèjì ló sì kọjá òkun. Mo bọ̀wọ̀ fún ojú tí ọkùnrin náà fi mọ ìwé, àmọ́ ìyẹn ò ní kí n fo ìyẹn dá.

Ó kó lọ sí Dublin ní 1950, ó sì kọ́ ilé ìkàwé síbẹ̀. Ní 1957, òun lẹni àkọ́kọ́ tí Áyálándì fi ọmọ onílẹ̀ dá lọ́lá. Ó kú ní 1968, ó sì fi gbogbo ìwé náà sílẹ̀ fún ará ìlú, kò jẹ́ kí wọ́n tún gbé e lọ sí gbàǹjo. Inú ọgbà Dublin Castle ló wà báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé. Ewé 56 nínú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. 30 yòókù ṣì wà ní Michigan.