Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò bá rí imú mí

Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mọ́tò, pàápàá fún àwọn ará wa ní Turin àti Padua.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, gáàsì díẹ̀ máa ń jò kọjá písítìnì lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Fáàfù kékeré kan, PCV, ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa gáàsì náà padà, kó sì jó o. Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwia, imú ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń pè é.

Nígbà òtútù, omi máa ń dì ní Turin. Tó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú lẹ̀ ń rìn ṣáá, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó láti lé omi inú gáàsì jáde. Omi á pò mọ́ ọ́ìlì, á dà bí ìpara funfun lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì, ó sì lè dí ọ̀nà mímí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀?

Tí ọ̀nà bá dí, gáàsì á kún inú ẹ́ńjìnnì, á máa ti ọ́ìlì jáde lára síìlì.

Tí rọ́bà inú fáàfù bá ya, ẹ́ńjìnnì lè máa súfèé, kó máa gbọ̀n nígbà tí mọ́tò bá dúró. Ìdérí ọ́ìlì á le láti ṣí. Èéfín búlúù náà lè yọ.

Ìpara nìkan ò tíì burú. Ṣùgbọ́n tí omi rédíétọ̀ náà bá ń dín kù, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì: ẹ má fi falẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó síìlì, ẹ ní kí mẹkáníìkì yẹ “sfiato” wò. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Ítálì nìyẹn. Tí ọ̀nà bá ṣì dí, síìlì tuntun náà á tún jò.